Gbòà àti Ògiri Àǹtí

Gbòà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó máa ń pariwo. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Tí ẹ bá kí i, àfi kí ẹ tẹ́tí dáadáa kí ẹ tó gbọ́ èsì. Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Òun ló ń rọ ẹ̀tù sínú ihò àpáta ní kúárì tó wà lẹ́yìn ilé wa, òun náà ló sì ń tẹ bọ́tìnì tó ń mú un dún gbòà.

Lọ́sàn-án, fèrè ìkìlọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ké. Bó bá ti ké báyìí, kálukú ti mọ ohun tó máa ṣe. Ìyàwó mi á sọ àwo kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, èmi á di dígí ara ògiri mú, gbogbo wa á sì bọ́ sí àárín yàrá. Ilẹ̀ á mì, eruku á dà sí wa lórí, a óò sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ láti ibi tá a bá a dé. Gbòà fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, ojúlé sí ojúlé ló lọ, tó ń bẹ̀ wá pé, “Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ti gbọ́ fèrè, ẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.”

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Gbogbo wa là ń pe ìyẹn ní Àǹtí, tọmọdé tàgbà. Àǹtí ló tọ́ ọ lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Kò ní nǹkan mìíràn láyé ju ilé oníyàrá méjì yẹn àti àbúrò rẹ̀ lọ. Ilé náà ló sún mọ́ kúárì jù, ògiri yàrá tó ń sùn sì ti sán láti òkè délẹ̀, débi pé ọwọ́ mi lè wọ ibẹ̀. Káfíńtà ni mí. Èmi ni mo fi igi gbè é lẹ́yìn, mo sì sọ fún un pé igi tèmi ò lè bá àpáta jà.

Nígbà tí a fẹ́ fẹjọ́ kúárì sun ìjọba, gbogbo àdúgbò ló fọwọ́ sí i, àfi Àǹtí.

“Ṣé ẹ fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi ni?”

“Tí ògiri bá wá wó lù yín ńkọ́?” Inú ti ń bí mi.

“Ẹ̀yin náà lẹ máa sin mí. Ẹ máa lọ.”

Àṣé ilé tirẹ̀ gan-an ni àwọn aṣàyẹ̀wò tí ìjọba rán wá máa yàn láti gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀ sí. Láti ìgbà tí ìròyìn yẹn ti dé ni ara Gbòà ò ti lélẹ̀ mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀tù ṣì wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

“Búọ̀dá Káfíńtà, ọ̀gá wa ní kí n rọ ẹ̀tù díẹ̀. Ó ní kí àpáta kàn wúkọ́ lásán. Ẹlòmíì ló máa tẹ bọ́tìnì. Ó ní kí èmi jókòó sílé, kí wọ́n lè rí i pé ẹni tó ń fọ́ òkúta ò bẹ̀rù.”

“O sì rọ ọ́ bẹ́ẹ̀?”

“Mo rọ ọ́.” Ojú rẹ̀ ti pọ́n. “Tí wọ́n bá ti kúárì pa, kí ni màá fi bọ́ Àǹtí? Tí wọn ò bá sì tì í pa, ibo ni Àǹtí máa sùn?”

Mo gbé irinṣẹ́ mi sílẹ̀. Mo bá a lọ sílé.

Àǹtí ti fi aṣọ ńlá kan bo ibi tó sán, ó wá gbé àga síwájú rẹ̀, ó fẹ̀yìn tì í, ó sì jókòó bí ìyàwó tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Aṣàyẹ̀wò náà, obìnrin kan tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí àárín yàrá. Ọ̀gá kúárì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi bàtà rẹ̀ tó ń dán gbálẹ̀.

“Mà, ṣé ilé yín máa ń mì?”

“Ilé wo? Àwọn aládùúgbò tí ò lè gbé jẹ́ẹ́ ló ń yọ mí lẹ́nu.” Ó mọ́ mi lójú, ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

Aṣàyẹ̀wò yíjú sí Gbòà. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀.

“Níbí ni mò ń gbé, mà. Tó bá léwu, ṣé màá fi ẹ̀gbọ́n mi síbẹ̀ ni?”

Fèrè ké.

Gbòà mọ ohun tó rọ. Ó mọ̀ pé nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n fèrè ò tíì ké tán tó fi fo ẹ̀rọ náà kọjá, ó gbé Àǹtí tòun tàga kúrò níwájú ògiri, ó dà bò ó láàárín yàrá, ó fi apá méjèèjì bo orí rẹ̀. Èmi náà bára mi nídìí dígí Àǹtí, mo dì í mú gbágbá.

Ohùn kékeré kan dún lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí èèyàn pa ìdérí àpótí dé. Eruku kankan ò já bọ́. Nọ́ńbà inú ẹ̀rọ kò tó nǹkan, ọ̀gá kúárì sì ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Aṣàyẹ̀wò ò tilẹ̀ wo ẹ̀rọ. Gbòà ló ń wò.

“Kí lẹ̀ ń dáàbò bo ẹ̀gbọ́n yín lọ́wọ́ rẹ̀?”

Lábẹ́ apá Gbòà, Àǹtí fèsì: “Eré ni, mà. Láti kékeré ló ti máa ń bá mi ṣeré.” Ó já a léèékánná. “Dìde, kó o sọ fún wọn pé eré ni.”

Gbòà dìde. Ó lọ sídìí ògiri, ó fa aṣọ náà sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ìta sì gba ibi tó sán wọlé, ó tàn sórí ibùsùn Àǹtí.

“Ìwọ̀n ẹ̀tù tòní kọ́ là ń lò lójoojúmọ́,” ó ní. Fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo wa gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete. “Èmi ni mo rọ ọ́.”

“O ti pa ara ẹ!” Àǹtí figbe ta. “O ti pa ara ẹ o!”

Ọjọ́ náà ni wọ́n ti ẹnu ọ̀nà kúárì pa. Àwọn awakọ̀ tó ń kó òkúta ò kí Gbòà mọ́. Ṣọ́ọ̀bù mi ló ń bọ̀ báyìí, ó ń bá mi fá pákó, kò sì mọ̀ ọ́n fá rárá. Èyí tó dùn ún jù ni pé Àǹtí ò bá a sọ̀rọ̀. Á gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀, á sì kọjá lọ.

Lánàá, èmi àti Gbòà ń mọ ògiri náà padà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí rẹ̀, ó ń po sìmẹ́ǹtì, Àǹtí sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí wa. Fèrè ọkọ̀ kan ṣàdédé ké lójú títì. Kí n tó ṣẹ́jú, Àǹtí ti sáré wọlé, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo orí àbúrò rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí pé kúárì ò ṣiṣẹ́ mọ́. Kò gbé ọwọ́ náà kúrò.

“Ṣé o ti jẹun?” ló bi í.