Iyọ̀ Nínú Ọbẹ̀ Ọbàtálá

Ìgbà tí mo bí àkọ́bí mi ni ìyá ọkọ mi wá bá wa gbé ní Borokiri. Kọ́sítọ́ọ̀mù ni ọkọ mi ní etí omi, kì í sábà sí nílé. Màmá gbé Ọbàtálá rẹ̀ dání: igbá funfun kan tó fi àlà bò, tó gbé sí igun yàrá tí a fún un. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Mi ò bá a jiyàn, mo kàn máa ń yẹra fún igun yẹn ni.

Bí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà bá ti pé, Màmá á jí pọnmi tútù, á gún iyán, á fi ìgbín se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí láì fi iyọ̀ sí i. Èèwọ̀ Ọbàtálá ni iyọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sè é, títí di ọjọ́ tó yọ̀ ṣubú ní bálùwẹ̀, tí ìbàdí rẹ̀ fi ṣèṣe, tí kò lè nàró dáná mọ́. Ó pè mí, ó ní kí n bá òun sè é.

"Ìyàwó mi, bí ọkàn rẹ ò bá sí níbẹ̀, sọ fún mi. Màá fi omi nìkan bẹ òrìṣà. Omi náà tó."

Mo ní ọkàn mi wà níbẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Ọmọ ń ké lẹ́yìn mi, mo ń kánjú, ó kàn ń ṣe mí bíi kí n tètè parí ni. Mo gbé oúnjẹ náà fún un. Ó fi wúre, ó dárúkọ ọmọ mi níbẹ̀. Ìgbà tí mo padà lọ fọ ìkòkò ni mo lá ìka mi. Iyọ̀.

Ọwọ́ mi ti bù ú sí i bó ti máa ń ṣe sí ọbẹ̀ tiwa. Mo sọ fún ara mi pé iyọ̀ ò ju iyọ̀ lọ, mo sì panu mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ara ọmọ gbóná. Obìnrin tó ń ta oògùn ní ẹnu àdúgbò fọwọ́ kàn án, ó ní, "Na malaria, no fear." Ẹ̀rù ti bà mí ná. Mo ń ka sáàmù, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà Màmá ni etí mi wà. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ kọ ọmú. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá, mo jẹ́wọ́.

Kò pariwo. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, mo ní rárá. Ó bi mí ìgbà tí mo mọ̀. Mo ní ọjọ́ náà gan-an.

"Iyọ̀ yẹn, ọwọ́ rẹ ló ṣe é," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́ta tó o fi dákẹ́, ìwọ lo ṣe é. Gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ná."

Ọjọ́ méjì la lò níbẹ̀ kí ibà náà tó lọ. Nígbà tí a padà dé, Màmá ti rọra di ògiri mú, ó ti nu igun náà, ó ti pààrọ̀ omi. Ó ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe fún òrìṣà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Kò sọ fún mi bóyá òrìṣà gbà á.

Ọ̀sẹ̀ mìíràn pé, ìbàdí rẹ̀ ò tíì san. Èmi náà ló tún pè. Mo gbé agolo iyọ̀ lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò kí n tó dáná. Mo sè é tán, mo gbé e lọ fún un. Màmá ò tọ́ ọ wò. Ó gba abọ́ náà, ó gbé e síwájú àlà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi wúre tán, pẹ̀lú ẹ̀rù.