Ọdún Mẹ́rin Tí Mo Gé Kúrò Lára Àbúrò Mi

Nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé ní Kétu, kò sí irú ìwé tí mi ò tẹ̀ rí. Ìwé ìwáṣẹ́, ìwé ìpè síbi ìsìnkú, lẹ́tà sí lándílọ́ọ̀dù tó kọ̀ tí kò tún òrùlé ṣe, gbogbo rẹ̀ ni mo ti tẹ̀. Èyí tó sú mi jù nínú wọn ni ìwé ìbúra ọjọ́ orí, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń gbé lọ sí kóòtù láti búra pé ọdún báyìí ni wọ́n bí lágbájá. Nígbà tí wọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wa, ta ló ráyè kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀? Ìjọba mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fàyè gbà á kí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni wá búra. Àwọn eléré bọ́ọ̀lù ló wá sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Bí ọmọkùnrin gíga kan bá wọlé, tí ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, mo ti mọ ohun tí wọ́n bá wá kí wọ́n tó jókòó.

Àwọn ìyá yìí náà ló máa ń bi mí pé, "Aunty, ẹ̀yin náà ẹ bá mi wò ó. Ṣé kó fi school sílẹ̀ báyìí kó máa lọ fi bọ́ọ̀lù jẹun, àbí kó parí ẹ̀ ná?" Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé àbúrò mi gbá bọ́ọ̀lù rí. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé mi ò mọ̀. Òótọ́ ni mo sì ń sọ, torí ohun tí mo mọ̀ ò ju ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa lọ.

Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni àbúrò mi ń gbá. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi jù ú. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí bàbá wa kú. Lẹ́yìn náà ni màmá wa kó wa kúrò ní Ṣágámù wá sí Kétu, wọ́n sì ń ta ata gbígbẹ ní Mile 12 títí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Èmi ni mo ń mú ọmọ náà lọ sílé ìwé, èmi ni mo ń fọ aṣọ rẹ̀, èmi náà ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè tó bá jà. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ti ń tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé. Bàtà tó gba ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sí ní gbogbo ọjà Kétu. Nínú òkìríkà la ti máa ń wá a, a sì lè wá a fún oṣù méjì gbáko.

Pápá kan wà nínú iléèwé ìjọba kan ní Ìkòsí, kọnkéré tó ti sán, pẹ̀lú òpó irin méjì tí àwọ̀n ò sí lórí ìkankan. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ Magodo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é wá bá wọn gbá lórí pápá tiwọn, débi pé àwọn gáàdì ẹnu géètì ibẹ̀ ò béèrè ẹni tó ń wá lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n á kàn ní, "Long man, wọlé."

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó wọ yunifásítì, ó ń kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún school náà. Nígbà tí mò ń wí yìí, ó ti lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀, kò sì tíì kúrò ní kíláàsì ọdún kẹta. Àwọn olùkọ́ á yanṣẹ́ lódì, kálukú á kó ẹrù rẹ̀ wálé. Wọ́n á wọlé padà, wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ wọn ní iṣẹ́ oṣù mẹ́rin, wọ́n á tún yanṣẹ́ lódì. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àbúrò mi á wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, á máa fi bọ́ọ̀lù na ilẹ̀, gbì, gbì, gbì, títí orí á fi máa fọ́ mi.

Àsìkò ìyanṣẹ́lódì bẹ́ẹ̀ kan ni kóòṣì wá sílé wa. Kíláàbù kan l'Òkè Ọya ló rán an. Ó ti rí ọmọ náà níbi ìdíje àwọn yunifásítì, ó sì fẹ́ kó máa bọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Mummy, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín," ó wí. "School ò ní sá lọ. Bàbá arúgbó ń lọ school. Ṣùgbọ́n orúnkún ọmọ yìí, ó ní ìgbà tiẹ̀. Tó bá bá wa gbá season méjì péré, àwọn òyìnbó á rí i."

"Ọ̀gá, ẹ ṣeun," Màmá wí. "Ọdún méjì àbọ̀ ló kù. Ẹ jẹ́ kó gba ìwé ẹ̀ ná, kó wá máa fò káàkiri bó ṣe wù ú."

Àbúrò mi ní, "Màmá, ṣé ọdún méjì àbọ̀ ti school ni àbí ti kàlẹ́ńdà?"

Mo rẹ́rìn-ín, Màmá ò rẹ́rìn-ín. Kóòṣì ò purọ́ nípa orúnkún, Màmá náà ò sì purọ́ nípa ìwé. Àwọn méjèèjì ló jàre, ohun tó ń tán mi lókun nìyẹn títí dòní bí mo bá rántí ìjókòó ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo dá sí i. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó lọ. Mi ò ronú jìnnà rárá. Ó kàn ti sú mi kí n máa ti iṣẹ́ dé kí n máa bá ọkùnrin tó tó báyìí nílé, tí kò rí nǹkan ṣe. Mo fẹ́ kí ayé ẹnì kan nínú ilé yẹn máa lọ síwájú. Màmá wò mí títí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀," wọ́n sì wọ yàrá lọ.

Kóòṣì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe ń jáde.

"Aunty, ọmọ ọdún mélòó tiẹ̀ ni?"

"Mẹ́tàlélógún."

Ó pòṣé. "Àwọn òyìnbó ò ní wò ó. Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní nineteen. Football age ni, kò sẹ́ni tí kì í ṣe é."

Mo ti tẹ irú rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ tó báyìí, kí ló dé tí mi ò ní tẹ̀ ẹ́ fún tèmi? Màmá ló yẹ kó búra, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹnu tí àwọn fi ń jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa kọ́ ni àwọn máa fi búra èké. "Ẹ má sì sọ iye tí ẹ bá kọ fún mi o," wọ́n wí. Èmi ẹ̀gbọ́n ni mo bá lọ. Mo fi ìka ka ọdún, mo yọ mẹ́rin kúrò, mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé Bíbélì sókè ní kóòtù, mo sì padà sí ṣọ́ọ̀bù ká tó jẹun ọ̀sán.

Ohun kan ṣoṣo tí mo yẹ̀ wò ni àwọn ìwé ẹ̀rí iléèwé rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé ọjọ́ orí tuntun yẹn, á jẹ́ pé ọmọ ọdún méje ló parí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kóòṣì ní ká má yọ ara wa lẹ́nu, pé ta ló ń béèrè ìwé mẹ́wàá lọ́wọ́ eléré? Ká sáà ti rí i pé kò kó wọn dání. Mo bá kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí Màmá, mo tì í pa. Ọmọ tuntun tí mo tẹ̀ sórí ìwé yẹn ò lọ sílé ìwé kankan rí.

Ó lọ. Ó sì gbá a dáadáa, mi ò ní fi irọ́ bù ú kù. Ó máa ń fóònù wa lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday, Màmá á gbé fóònù sétí lódìlódì, a ó jọ máa pariwo. Ní ìparí sáà kejì, kíláàbù kékeré kan l'Òkè Òkun kọ̀wé pè é. Gbogbo wa jó. Ó wálé láti wá gba físà, wọ́n sì ní kó mú ìwé tó kan bàbá àti ìyá rẹ̀ wá. Màmá ṣí àpótí, wọ́n tú ìwé ẹ̀rí ikú bàbá wa jáde nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ọjọ́ yìí. Èmi ni mo to àwọn ìwé náà sínú fáìlì. Èmi tí mò ń ka ìwé oníwèé láti àárọ̀ dalẹ́, mi ò ka èyí.

Ọ̀sán ọjọ́ tó lọ gba físà ní ẹ́ḿbásì ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó dúró títí ẹni tí mò ń bá tẹ̀wé fi lọ.

"Sister mi," ó wí, "obìnrin tó ń yẹ ìwé wò ní ẹ́ḿbásì bi mí pé ta ni bàbá mi."

"Báwo?"

"Ó gbé ìwé méjèèjì sójú mi. Ó ní bàbá tí mo kọ síbẹ̀ ti kú fún ọdún méjì kí wọ́n tó bí mi."

Mo tún fi ìka kà á. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Iléèwé nìkan ni mo rántí, mi ò rántí pé bàbá wa kú. Ojú tì mí débi pé mo pa kọ̀ǹpútà, mo ti ilẹ̀kùn, a sì jọ jókòó sínú ooru yẹn, kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnì kejì.

Kò ṣeé fi pa mọ́ fún Màmá. Wọ́n ní kí n ka ìwé ìbúra náà fún àwọn ní Yorùbá, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Mo kà á.

"Ó wá jẹ́ pé ìwọ lo lọ sọ níwájú Bíbélì pé mo bímọ àlè," wọ́n wí.

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo ní ẹ jọ̀ọ́ Màmá, mi ò mọ̀ ni.

"Wọ́n fẹ́ fẹ́ mi o. Kì í ṣe ẹnì kan, kì í ṣe ẹni méjì. Mi ò fẹ́ ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ̀yin méjèèjì." Wọn ò pariwo. Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n pariwo.

Wọn ò fún àbúrò mi ní físà, ó bá padà sí kíláàbù rẹ̀ l'Òkè Ọya. Àṣé torí àtirí i tà fún àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe ń gbé e gẹ̀gẹ̀. Wọ́n mú ọmọ mìíràn wá, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, tàbí ẹni tí ìwé rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi tèmi sórí bẹ́ǹṣì. Ó fara dà á fún bí ọdún méjì, ó wá kó ẹrù rẹ̀ wálé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Màmá ò sọ ohun mìíràn fún un ju pé kó padà sí school.

Mo bá a lọ síbẹ̀. Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì náà ṣàánú wa, ó ní wọ́n á gbà á padà sí kíláàsì ọdún kẹta, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí tó wà lára páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ àti èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ò bára mu. Kí ẹni tó búra tẹ́lẹ̀ lọ búra àtúnṣe, kó sì mú un wá kí wọ́n tó ti ìforúkọsílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá pàápàá ní kí n kà á fún wọn kí n tó gbé e jáde.

Lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú kóòtù ni àbúrò mi ti fa apá aṣọ mi.

"Sister mi, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"Ká fi kí ni sílẹ̀?"

"Ìwé yẹn. Nínú ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. Bí mo ṣe wà gan-an nìyẹn lọ́jọ́ tí kóòṣì wá sílé. Mi ò tíì fi nǹkan kan ṣòfò níbẹ̀. Tí ẹ bá ti búra yẹn báyìí, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nìyẹn, mi ò sì ní school, mi ò ní bọ́ọ̀lù."

Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n gbá a létí, ó sì ṣe mí bí ẹni pé kí n gbé e pọ̀n bíi ti àtijọ́. Mo rò ó pé bí a bá padà sílé láìbúra, ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ kan. Mo sì rántí ohun tí Màmá sọ lọ́jọ́ tí mo ka ìwé àkọ́kọ́ fún wọn. Mo ní kó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó wà níbẹ̀ kó dúró dè mí.

Akọ̀wé kóòtù ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. "Madam, ẹ̀yin náà lẹ búra ti tẹ́lẹ̀. Èwo wá ni òótọ́ níbẹ̀?"

"Èyí."

"Ọmọ ọdún mélòó wá ni?"

Mo gbé Bíbélì sókè, mo sọ ọ́.

Nígbà tí mo jáde, kò jókòó síbi tí mo ní kó jókòó sí. Ó dúró sínú oòrùn, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Mélòó lẹ sọ?"

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíì ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní, "Mo mà ti dàgbà o, Sister mi," ó sì gba báàgì lọ́wọ́ mi.