Tíṣà Tuntun Yí Kọ̀ǹpútà Ìyàwó Rẹ̀ Dorí Kodò

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Tíṣà fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ni àdúgbò fi "Tuntun" kún orúkọ rẹ̀, torí kò sí ohun tuntun tó máa kọjá níwájú ilé tí kò ní pè wọlé.

Ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀wé fún oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé. Ètò ọ̀fẹ́ kan ló ń darí kọ̀ǹpútà rẹ̀, oríṣi méjì ni ètò náà sì ní: Adúróṣinṣin, tí wọn kì í pààrọ̀ àfi lẹ́yìn ọdún méjì, àti Ayíbíríbírí, tó ń gba ohun tuntun lójoojúmọ́. Adúróṣinṣin ni ìyàwó ń lò. Tíṣà ní oúnjẹ àná ni. Lọ́jọ́ tí ìyàwó lọ ra bébà, Tíṣà yáa kó Ayíbíríbírí sí kọ̀ǹpútà náà.

Ọjọ́ mẹ́ta, nǹkan ń dùn. Lọ́jọ́ kẹrin, bí wọ́n ṣe tan ẹ̀rọ, gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀ dorí kodò.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ fi kọ̀ǹpútà mi ṣe?"

"Èmi kọ́ o. Ìlọsíwájú ló dé."

"Ìlọsíwájú wá ń forí rìn? Háà! Àgbà wà nílé, orí kọ̀ǹpútà wọ́!"

Tíṣà ò ní gbà pé òun jẹ̀bi. Ó dorí ẹ̀rọ náà kodò sórí tábìlì kí ohun ojú rẹ̀ lè dúró dáadáa, ó fi ìrọ̀rí méjì tì í, ó sì fi táì rẹ̀ so ó mọ́ ògiri. "Ó tán!"

Àfi bílẹ̀ ṣe mọ́ tí Ayíbíríbírí gba ohun tuntun mìíràn, tó tún ara rẹ̀ ṣe. Ni gbogbo rẹ̀ bá tún dorí kodò, lórí ìrọ̀rí níbẹ̀!

Ọ̀gá àwọn tó ń kọ́ni ní mọ́tò wíwà ló wọlé wá gba ìwé ìpolówó rẹ̀. Ó wo ìrọ̀rí, ó wo táì, ó rẹ ohùn sílẹ̀:

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ó ti ń jẹun?"

Ẹ̀rín pa ìyàwó débi tó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó dìde, ó tú táì, ó sì dá Adúróṣinṣin padà fúnra rẹ̀. Ó wá fa kọ̀ǹpútà àlòkù kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọkọ rẹ̀.

"Ẹ máa yí tiyín."

Tíṣà ń yí i títí dòní, inú rẹ̀ sì ń dùn, torí kì í mọ ohun tó máa bá níbẹ̀ láàárọ̀. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹpútà náà bá dákú, Tíṣà á rọra yọjú sí ṣọ́ọ̀bù:

"Ìyá àwọn ọmọ, jọ̀ọ́, jẹ́ n ka ìwé ìròyìn díẹ̀."

Ìyàwó á fa àga fún un. "Ẹ jókòó. Ẹ káwọ́ sẹ́yìn."