Ọjọ́ Tí A Lọ Wo Omi Láìgbé Ìkòkò

Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn láti máa lọ rìn nínú igbó. Wọ́n á kó àkàrà àti ọsàn sínú àpò, wọ́n á ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ, ẹ ó gbádùn atẹ́gùn." Mo máa ń sọ fún wọn pé orúnkún ń dùn mí. Irọ́ ni. Orúnkún mi le ju tiwọn lọ. Inú ló ń bí mi, ó sì ti ń bí mi láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé nígbà náà ni. Àsíá tuntun wà níwájú ilé ẹ̀kọ́ wa, ní abúlé kan lápá Odomẹ̀ta, a sì ń kọrin sí i láràárọ̀. Olùkọ́ wa, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Mùsíyé bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọ̀gá, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti etí òkun tòun tìyàwó àti ọmọ rẹ̀, kò tíì lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Níbi tó ti wá, bí èèyàn bá fi ọkọ́ gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, omi ni. Ní tiwa, orí òkè títẹ́ la wà. Kànga wa jìn débi pé bí o bá ju òkúta sí i, wàá ti gbàgbé rẹ̀ kó tó dún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, ẹrẹ̀ là ń fà jáde níbẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tí omi kì í tán ni inú igbó, níbi tí odò kékeré kan ti ń já bọ́ láti orí àpáta. Ìrìn wákàtí kan ààbọ̀ ni, àwọn obìnrin abúlé wa sì ń rìn ín lójoojúmọ́.

Omi yẹn náà ni Mùsíyé ń mu. Àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ là ń gbé e lọ fún un, agbè kọ̀ọ̀kan láràárọ̀, à ń dà á sínú àmù tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Kò béèrè ibi tó ti ń wá rí.

Lọ́jọ́ kan, ó ní Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, gbogbo wa yóò lọ ṣe púrómùnáàdì, tọmọ, tìyá, tòun ti bàbá. Ó ní púrómùnáàdì ni pé kí ìdílé jọ rìn lọ síbi tó dára, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì padà wálé. A ó lọ wo omi tó ń já bọ́ nínú igbó. Mo sáré lọ sọ fún ìyá mi.

"Ká lọ wo omi?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ṣí àmù wa wò. "Ó dáa. Ọ̀nà kan náà ni. A ó pọn tiwa bọ̀."

Ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nílé wa lọ́sẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti wálé wá bímọ, ọmọ náà ò tíì pé ọjọ́ márùn-ún. Ó di dandan kí ìyá ìkókó máa fi omi gbígbóná wẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ara rẹ̀ lè padà sípò, ara ẹ̀gbọ́n mi ò sì yá, gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n. Nígbà tí a bu omi ìwẹ̀ àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú náà tán, ìsàlẹ̀ àmù ló kù. Bí a kò bá pọn omi bọ̀, kò sí ìwẹ̀ ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Ìyá mi ní kí ìyá àgbà ilé wa jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé ìkòkò rẹ̀ tó tóbi jù, a sì jáde.

Gbogbo obìnrin tí a bá níwájú ilé ẹ̀kọ́ ló gbé ìkòkò. Kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ ọ́. Ta ló ń lọ sódò lọ́wọ́ òfo? Àwọn ọmọdé gbé agbè, ìyàwó tuntun kan sì gbé garawa tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún un, ó ń dán yinrin. Aṣọ ìmúròde la wọ̀, òṣùká sì wà lórí wa.

Mùsíyé jáde tòun ti bàtà aláṣọ funfun, ó fi ẹ̀rọ fọ́tò kọ́ ọrùn. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé à ń bá òun ṣeré ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe eré, ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?" ó ní. "Ṣé ẹrú ni yín ni? Òmìnira la gbà. Kò sẹ́ni tó máa ru ẹrù lónìí. Mo fẹ́ yà yín ní fọ́tò, kí wọ́n rí i pé àwa náà mọ ayé jẹ. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀."

Àwọn obìnrin di ìkòkò wọn mú ṣinṣin. Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an sì ni mi ò lè gbàgbé. Wọ́n ti fi í ṣe aṣojú àwọn òbí, ó sì ń gbé oyè náà kiri bí ẹni gbé ẹyin. Ó kọjú sí ìyá mi.

"Gbé e sílẹ̀."

"Bàbá wọn, ìyá ìkókó wà nílé."

"Ọjọ́ kan péré ni. Má dójú tì mí."

Ìyá mi gbé e sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí àwọn yòókù rí i, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Òṣùká rẹ̀ nìkan ni kò fi sílẹ̀. Ó mú un dání lọ, ó sì mú un dání bọ̀.

Bí a ṣe wọ igbó, Mùsíyé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa ní orúkọ igi lédè Faransé. Ìrókò tí bàbá bàbá mi bá níbẹ̀ ni Mùsíyé ń tọ́ka sí, tó ní ká pe orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé òun. A pè é. Ó yin ọ̀nà náà, ó ní ó mọ́, ó tẹ́, ó ní ìjọba ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ ìyá mi tó ṣáájú mi. Ẹsẹ̀ yẹn àtàwọn ẹsẹ̀ bíi tirẹ̀ ló la ọ̀nà náà, láti ìgbà tí kò tíì sí ìjọba kankan. Àwọn obìnrin ò mọ ohun tí wọn ì bá fi ọwọ́ wọn ṣe. Wọ́n ń ká a mọ́ àyà, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú sẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó dá orin, àwọn tó jẹ́ pé bí ìkòkò bá wà lórí wọn, ariwo wọn a máa lé ọ̀bọ lórí igi.

Mi ò ní purọ́, nígbà tí a dé ibi omi, ó dùn mọ́ mi. Mi ò dúró wò ó rí. Ó ga tó ọkùnrin méjì tí ọ̀kan gun èjìká èkejì, ó ń já sórí òkúta, ó ń fín sí wa lójú. Àwa ọmọdé bọ́ sínú rẹ̀, a wẹ̀, a pariwo. Mùsíyé to àwọn àgbà síwájú àpáta, ó ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò wo ẹ̀rọ fọ́tò. Omi ló ń wò, bó ṣe ń dà nù lẹ́yìn rẹ̀, àmù kan lẹ́yìn òmíràn, kò sì ní ohun tó lè fi bu ẹyọ kan. Ó bomi mu, ó tún mu, bí ẹni tó fẹ́ fi ikùn gbé e relé.

Nǹkan bí ọ̀sán gangan la padà dé iwájú ilé ẹ̀kọ́. Mùsíyé pàtẹ́wọ́ fún wa, ó wọlé. Àwọn èèyàn gbé ìkòkò òfo wọn, wọ́n ń lọ sílé. Ìyá mi gbé tirẹ̀, ó fi òṣùká lérí, ó sì kọjú sí igbó padà. Mo gbé agbè mi tẹ̀ lé e. Bàbá mi dúró síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbọn eruku ṣòkòtò rẹ̀. Mo dúró kó sọ̀rọ̀. Títí ó fi kú ni mò ń dúró.

A pọn omi bọ̀ nínú oòrùn yẹn. Ìyá mi já ewé lé ojú omi kó má baà dà, kò sì sinmi lójú ọ̀nà rárá. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti wẹ̀, ọmọ ti wẹ̀, gbígbọ̀n náà ti lọ, ó sì ti sùn. Díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú ìkòkò fún àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó Mùsíyé wọlé, ó pọn ọmọ, ó gbé abọ́ dání. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá, omi ti tán nílé wa. Gbogbo ilé tí mo yà, wọ́n ní àwọn ò pọn lónìí."

Mo rò pé ìyá mi yóò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Mo fẹ́ kó sọ ọ́, ó ń yún mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó mú igbá, ó bu omi àárọ̀ wa sínú abọ́ náà títí ó fi kún.

"Ìyá, tiwa ń kọ́?" mo ní.

"Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Bá a gbé e, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀."

Mo gbé e. Ìrìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí mo rìn lọ́jọ́ kan ṣoṣo nìyẹn. Mùsíyé jókòó lórí àpótí lẹ́yìnkùlé, bàtà funfun rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ó pupa fún erùpẹ̀ igbó. "Ẹ kú iṣẹ́," ó ní, ó gba abọ́ lórí mi, ó da ìdajì rẹ̀ sórí bàtà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Omi náà ṣàn lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wò mí, ó gbójú kúrò.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ti na ẹsẹ̀ sórí ẹní, ó ń fi òróró pa á.

"Ṣé wọ́n dúpẹ́?" ó béèrè.

"Wọ́n dúpẹ́ gan-an," mo ní. "Wọ́n ní inú òǹgbẹ làwọn wà, wọ́n mu gbogbo rẹ̀ tán."

Inú rẹ̀ dùn. Mo bá a pa ẹsẹ̀ kejì.