Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Lu Ẹni Tó Gbà Wá Là

Ọjọ́ Sátidé kan tí ẹ̀gbọ́n mi Ràímì lu fítà kan, ìyẹn mẹkáníìkì, ní Adabraka nílùú Accra kò lè kúrò lọ́kàn mi.

Ọmọdé ni mí nígbà náà. Àwa méjèèjì fi píkọ́ọ̀pù kó aṣọ títà ìyá wa láti àdúgbò Madina lọ sí ọjà Makola. Ojú ọ̀nà ni a ti ń gbóòórùn ohun tó ń jó. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bíréèkì lásán ni," kò sì dúró.

Nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró, ọkùnrin kan sáré wá, ó ki ọwọ́ bọ fèrèsé, ó fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yọ.

"Olè!" Ẹ̀gbọ́n mi fò sílẹ̀, ó gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu, ó sì gbá orí ọkùnrin náà mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ọkùnrin náà fi èdè Twi kígbe pé, "Fítà ni mí, ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe! Mo fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì ni, ọkọ̀ yín ń jóná lábẹ́!"

Ìgbà náà ni èéfín dúdú rú jáde níwájú ọkọ̀. Pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó já wáyà bátìrì, ó sì bu iyanrìn ẹ̀bá ọ̀nà pa iná náà. Wáyà kan ló fara kan páìpù èéfín tó gbóná. Ó fi téèpù wé e, ó so ó jìnnà sí páìpù.

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ọkùnrin náà ní, "Dìde. Ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ ni mo rí tí mo fi sáré."

A gbé e lọ sí ọsibítù láti rán ètè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sunkún títí a fi débẹ̀.