Omi Ló Pa Lásísì

Ọjọ́ tí lọ́rì ológun kó wa kúrò ní Òṣogbo lọ sójú ogun abẹ́lé ni ayé tí mo mọ̀ parí. Ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni mí, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo ń kọ́ níbi tí wọ́n ń pè ní Old Garage báyìí. Èmi àti Lásísì, ọmọ aláró kan ní Alékúwodò, la jọ wọṣẹ́ ológun. Ìyá rẹ̀ sáré tẹ̀lé lọ́rì náà títí bàtà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n kó wa dé etí òkun, níbi tí odò ti ń dà pọ̀ mọ́ omi iyọ̀. Bí àgbá bá ti ń dún, inú omi la ń sá sí, yóò mù wá dé ọrùn. Gààrí là ń jẹ, nígbà tó bá wà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìkarawun kan nínú omi gé Lásísì lójúgun. Kò ju kí èékánná hanni lọ. Inú omi náà la wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ti wú, ìléròrò tó kún fún ẹ̀jẹ̀ dúdú sì ti bò ó.

“Ṣé ó ń dùn ẹ́?”

“Bí ẹni pé iná ń jó nínú egungun. Má jẹ́ kí wọ́n gé e o. Ẹsẹ̀ méjì ni mo gbé kúrò nílé.”

Mo pọ̀n ọ́n gba inú ẹrẹ̀ dé ibùdó ìtọ́jú. Àwọn tí ìbọn bà kún ilẹ̀. Wọ́n ní ọgbẹ́ tirẹ̀ kéré, ká dúró. Kí dókítà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà ti wú dé itan, awọ ti ń bó. Dókítà ní kòkòrò tí ojú kò lè rí ń gbé inú irú omi bẹ́ẹ̀, ojú ọgbẹ́ ló gbà wọlé, ó sì ti wọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Lásísì kò jí mọ́.

Nígbà tí ogun parí, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó ti gbọ́ pé ọmọ òun kú, wọn ò sọ ohun tó pa á.

“Ta ló yìnbọn fún un?”

“Kò sẹ́ni tó yìnbọn fún un, ìyá. Nǹkan gé e lẹ́sẹ̀, omi sì wọ ojú ọgbẹ́.”

“Omi?”

“Omi ni, mà.”

“Àwọn tí wọ́n yìnbọn pa ọmọ wọn rí ẹni ṣẹ́ èpè fún. Ta ni kí èmi ṣẹ́ èpè fún?”

Kò pẹ́ ni wọ́n pe ìrun. Ó dìde, ó bu omi sínú búùtà láti ṣe àlùwàlá. Ó dà á sọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó lè fi kan ojú.