Bàbá Tó Ń Já Ewé fún Wa ní Màmú

Bàbá tó ń já ewé fún wa ní Màmú kì í fọwọ́ kan igi láì kọ́kọ́ kí i, wọn kì í sì í já a tán. Wọ́n á wúkọ́, wọ́n á ní, “Má já a tán o, aláìsàn mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn.”

Èmi á gbé ewé náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò wa l'Ágọ̀-Ìwòyè, màá kán omi rẹ̀ sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí a ń tọ́jú nínú àwo ike. Lọ́jọ́ tí sẹ́ẹ̀lì náà kú, ayọ̀ pa mí bí ọtí. Mo pè wọ́n lórí fóònù: “Bàbá, ewé yín pa jẹjẹrẹ!”

“Alihamudulilai,” ni wọ́n dáhùn.

N kò sọ fún wọn pé ara èèyàn kì í ṣe àwo ike. N kò mọ̀ pé dókítà ti sọ ohun tó wà nídìí ikọ́ wọn fún wọn. Wọn ò padà sí ọsibítù mọ́.

Kí n tó dé Màmú, wọ́n ti sin Bàbá. Ìyàwó wọn mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Igi tí Bàbá máa ń já ewé rẹ̀ fún wa ò ku ewé kan.

“Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n já mu,” ni ìyá wí. “Wọ́n ní ìwọ lo fọwọ́ sọ̀yà.”